Ẹ Má Pa Ààlà Rẹ́ Nígbà Tẹ́ Ẹ Bá Ń Yọ t

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kọ́ Further Maths ní agbègbè Sapele Road nílùú Bìní, pàápàá ẹ̀yin tí ìdánwò WAEC ti ń lé bọ̀, tiyín ni ìkìlọ̀ yìí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ t kúrò nínú ìdọ́gba parametric kó lè di Cartesian. Ohun tó ń gba máàkì lọ́wọ́ yín ni pé, bí t bá ti lọ tán, ẹ kì í béèrè ibi tí x lágbára láti dé.

Ẹ wo x = sin t, y = cos² t. Kíá lẹ ó ti kọ y = 1 − x², ẹ ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó kọjá. Ó tọ́, àmọ́ kò pé. Sin t kì í ju 1 lọ, kì í sì í kéré ju −1 lọ, nítorí náà −1 ≤ x ≤ 1 gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn. Ẹni tó bá ya parabola náà wọ ìsàlẹ̀ x-axis ti ya ohun tí wọn kò bi í.

Ká ní ọkọ̀ kan gbéra ní Ring Road, ó ń bá Sapele Road lọ, ó sì já gbogbo èrò sílẹ̀ kó tó jáde nílùú. Títì lọ dé Sapele ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ọkọ̀ yẹn ò débẹ̀. Títì ni ìdọ́gba Cartesian, t ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ rìn dé.

Èyí tó ń mú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an rèé: x = t + 1/t, y = t² + 1/t². Ẹ ó rí y = x² − 2. Kò sí √, kò sí sin, kò sí ohunkóhun tó pariwo pé ààlà wà. Ẹ fi 1 sípò t, x á di 2. Ẹ fi ½ síbẹ̀, á di 2.5. Bí t bá ju òdo lọ, x kò ní wálẹ̀ ju 2. Bí t bá jẹ́ òdì, kò ní gòkè ju −2. Kò sí nǹkan kan láàárín −2 àti 2, ibẹ̀ sì ni (0, −2) tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti kọ́kọ́ sàmì sí wà.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó yọ t, ẹ wá ààlà x àti ti y, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ti x nìkan kì í tó: nínú x = cos t, y = sin t, 0 ≤ t ≤ π, y ≥ 0 ló sọ òbìrípo di ìlàjì. Bẹ́ ẹ bá sì tẹ y = 1 − x² lásán sínú GeoGebra, gbogbo parabola ló máa yà fún yín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ó-tọ́ sí ìdáhùn tí kò ní ààlà.