Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Àkànṣe fún Iṣẹ́ Dátà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Bí iṣẹ́ kíka dátà bá ti ń falẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀dọ́ lọ́kàn ni pé kí ọ̀gá ra ẹ̀rọ àkànṣe: káàdì GPU, tàbí àpótí kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn nìkan. Mi ò ní kí ẹ má rà á láé. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àkókò ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó wò. Ká ní iṣẹ́ kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá 100. Kíka fáìlì JSON ń gba 40 níbẹ̀, 60 tó kù ń lọ sórí dídúró de dátábéèsì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ wá ra ẹ̀rọ tó ń ka JSON ní ìlọ́po 20 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 40 di 2, gbogbo iṣẹ́ di 62. Owó ti lọ, iṣẹ́ ò sì yá tó ìlọ́po méjì. Láti 1967 ni Gene Amdahl ti la ọ̀rọ̀ yìí yé ayé. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: bó ti wù kí ọ̀gá kígbe tó, ẹ wọn iṣẹ́ náà kí ẹ tó dárúkọ owó.

Ẹ̀rọ àkànṣe ní ìtàn rere o. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1880 gbà tó ọdún 8 kí wọ́n tó kà á tán. Fún ti 1890, Herman Hollerith ṣe ẹ̀rọ tó ń ka páálí tí wọ́n lu ní ihò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ á gba inú ihò kọjá sínú ife mẹ́kúrì, iná á kọjá, òǹkà á sún síwájú. Ohun tó jẹ́ kó yọrí sí rere ni pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi gbogbo ènìyàn, páálí kan náà ni wọ́n lò, iye rẹ̀ sì ju ohun tí ọwọ́ lè kà lọ.

Ti XML, ìrísí kan tí wọ́n ń fi kọ dátà, kò rí bẹ́ẹ̀. 1998 ni àjọ W3C fọwọ́ sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ síra wọn. Ó wúwo fún kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Ilé-iṣẹ́ DataPower, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ṣe àpótí àkànṣe fún kíka XML, yíyẹ̀ ẹ́ wò àti dídáàbò bò ó. IBM rà wọ́n ní 2005, ọdún yẹn náà ni Intel ra Sarvega tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Kò pẹ́ tí JSON fi gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ XML. Bí dátà bá yí ìrísí padà, ẹ lè tún ètò kọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Irin tí wọ́n ti rọ fún ìrísí àtijọ́ kò ṣeé tún rọ.

Èyí tó wú mi lórí jù ni simdjson, ètò kan tó ń ka JSON. Ní 2019, Daniel Lemire, olùkọ́ yunifásítì ní Québec, àti Geoff Langdale fi hàn pé prósẹ́sọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rà lọ́jà lè ka JSON tó ju gígábáìtì 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí kọ́ọ̀ kan péré, láìsí káàdì kankan. Ètò tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ a máa yẹ lẹ́tà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa bèèrè pé ṣé àmì àyọlò nìyí, ṣé àkámọ́ ni. Prósẹ́sọ̀ a máa méfò ìdáhùn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá méfò òdì, á da iṣẹ́ tó ti ṣe nù, á sì tún un bẹ̀rẹ̀. simdjson lo àwọn àṣẹ AVX2 tó ti wà nínú prósẹ́sọ̀ Intel láti 2013. Báìtì 32 ló ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fi ìṣirò bíìtì sàmì sí ibi tí àwọn àmì náà wà, kò ní í máa méfò ní gbogbo ìgbà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ mi: agbára yẹn ti wà lórí tábìlì wa fún ọdún mélòó, a ò fọwọ́ kàn án! Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí kò mọ inú prósẹ́sọ̀ tó ní kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè òmíràn.

GPU lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n dátà gbọ́dọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lórí PCIe 3.0, ìsopọ̀ tó wà láàárín káàdì àti prósẹ́sọ̀, tó bá ní ọ̀nà 16, nǹkan bí gígábáìtì 16 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èsì á sì tún gba ọ̀nà yẹn padà. Ẹni tó fẹ́ lọ ata ọbẹ̀ ẹni méjì, kó tó ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ dé, ẹni tó lo ọlọ nílé ti gbé ọbẹ̀ kaná. Dọ́là ni wọ́n sì ń fi ta káàdì yẹn, náírà sì ni púpọ̀ nínú yín ń gbà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìrísí dátà gan-an ló yẹ kí ẹ yí padà. Ẹni tó ń ka JSON kan náà lálaalẹ́ nítorí ọ̀wọ̀n méjì péré, kó kó o sínú fáìlì Parquet, tó ń to ọ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀kan, kó máa ka ọ̀wọ̀n méjì yẹn nìkan.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí iṣẹ́ kan náà ṣì ń wọlé tọ̀sántòru, tí ìrísí rẹ̀ kò yí padà, tó sì jẹ́ pé kíka gan-an ló ń jẹ àkókò, ẹ lọ bá ọ̀gá, ẹ ní kó ra ẹ̀rọ náà, ẹ má tijú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ kóòdù yín kó lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Bẹ́ẹ̀ ni simdjson ń ṣe: bó bá ti jí, á kọ́kọ́ wo irú prósẹ́sọ̀ tó bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀, á mú ọ̀nà tó yá jù níbẹ̀, bí kò bá sì sí àṣẹ àkànṣe kankan, á ṣì ka fáìlì náà tán.