KÌNNÌÚN MABOTSA: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀rù Ẹranko Ìgbẹ́ ní Ilẹ̀ Àjèjì



Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tọ̀ mí wá. A ti pè é sí àpérò àwọn olùkọ́ ní Gúúsù Áfíríkà, a sì ti sọ fún un pé lẹ́yìn àpérò náà wọn yóò mú wọn lọ sí ọgbà ẹranko ńlá tí à ń pè ní Kruger, níbi tí kìnnìún àti erin gbé ń rìn bí ó ti wù wọ́n. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó wí fún mi pé, "Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kìnnìún yìí ni oorun ti dá lójú mi. Ǹjẹ́ kò ha sàn kí n kọ̀wé sí wọn pé ara mi kò yá?"

Èmi kò fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ẹni tí kò bẹ̀rù ohun tí ó lè pa á, òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo sọ ìtàn kan fún un, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ náà gan-an tí ó ń lọ. Òun ni mo mú wá síwájú yín nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí.

ÌTÀN NÁÀ

Dókítà David Livingstone, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1841. Ní ọdún 1844 ó ń gbé ní Mabotsa, láàárín àwọn ará Bakgatla. Àwọn kìnnìún ń yọ ìlú náà lẹ́nu gidigidi. Ní òru wọn a máa já wọ inú ọgbà màlúù. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń pa ẹran ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wí pé àwọn aládùúgbò wọn ni ó fi oògùn fi wọ́n lé kìnnìún lọ́wọ́. Wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan láti bá a jà, ṣùgbọ́n àyà wọn já, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ̀rù wọn ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kìnnìún ń tóbi sí i lójú wọn.

Livingstone gbàgbọ́ pé bí a bá pa ọ̀kan nínú agbo kìnnìún, àwọn ìyókù yóò ṣí kúrò ní agbègbè náà. Nítorí náà ó bá wọn jáde láti kì wọ́n láyà. Wọ́n yí òkè kékeré kan ká. Mebalwe, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ náà, yìnbọn sí kìnnìún kan, ṣùgbọ́n àpáta ni ọta bà. Kìnnìún náà já àárín àwọn ènìyàn kọjá, nítorí wọn kò lè dúró dè é.

Bí wọ́n ti ń padà sí ilé, Livingstone rí kìnnìún mìíràn lẹ́yìn igbó ṣúúrú kan, kò ju bí yáàdì 30 lọ sí i. Ó yin ẹnu ìbọn rẹ̀ méjèèjì. Ọta bà á, ṣùgbọ́n kò kú. Bí Livingstone ti ń ki ìbọn padà, ẹranko náà fò mọ́ ọn, ó gbá a mú ní èjìká, àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú lulẹ̀. Mebalwe na ìbọn tirẹ̀ láti gbà á là. Ìbọn náà kọ̀, kò dún. Kìnnìún fi Livingstone sílẹ̀, ó bu Mebalwe jẹ ní itan. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí Livingstone ti gbà lọ́wọ́ ẹfọ̀n rí. Òun náà gbé ọ̀kọ̀ sí i, kìnnìún sì bù ú jẹ ní èjìká. Nígbà náà ni ọta tí ó ti wà lára rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì ṣubú lulẹ̀, ó kú. Ojú eyín 11 ni ó wà ní apá Livingstone, egungun apá náà sì rún.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní: Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù di àwáwí. Ìwé Òwe sọ̀rọ̀ nípa ọ̀lẹ tí ó fi kìnnìún ṣe ìdí tí kò fi jáde nílé. Livingstone ní ìdí tí ó ju ti ọ̀lẹ lọ, nítorí eyín kìnnìún wà lára rẹ̀. Síbẹ̀ kò padà sí ilé. Ó rin ilẹ̀ Áfíríkà já, láti Luanda ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn títí ó fi dé Quelimane ní ìlà-oòrùn ní ọdún 1856. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1873 ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zambia lónìí, Susi àti Chuma pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ru òkú rẹ̀ dé etí òkun. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ọdún 1874, egungun apá tí kìnnìún ṣẹ́ ni a fi mọ̀ pé òun ni.

Èkejì: Ìmọ̀ ni ó ń dín ẹ̀rù kù. Ẹni tí ó bá pàdé kìnnìún ní ìta gbangba kò gbọdọ̀ sáré, nítorí ohun tí ó bá ń sá ni kìnnìún ń lé. Kí ó kọjú sí i, kí ó sì máa fà sẹ́yìn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹranko tí a ti ṣá lọ́gbẹ́ burú ju èyí tí ara rẹ̀ dá lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Mabotsa. Erinmi ń jẹ koríko, síbẹ̀ ẹni tí ó bá dúró sí àárín rẹ̀ àti omi wà nínú ewu ńlá. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má ṣe gé ojú rẹ̀, kí a má ṣe fi ẹnu fà á. Kí a jẹ́ kí ibẹ̀ wà láìmira, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ní Kruger, inú ọkọ̀ ni àlejò ń jókòó sí, àfi níbi tí a bá ti fi àmì sí pé ó lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó pa òfin yìí mọ́ lè wo kìnnìún kí ó sì sùn dáadáa.

Ẹ̀kẹta: Ẹ má ṣe dá nìkan rìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìbọn Mebalwe kò dún, síbẹ̀ ìdúró rẹ̀ ni ó yí ojú kìnnìún kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ rántí pé olùkọ́ bí ẹ̀yin ni. Ẹni tí ó ń lọ sí ilẹ̀ àjèjì, kí ó bi ọmọ ilẹ̀ náà ní ọ̀nà tí a ń gbà, àti ibi tí a kì í dé.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ bẹ̀rù ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù. Ohùn nìkan ni ó ya ẹfọ̀n inú igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀fọn inú yàrá wa. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa gbọ̀n nítorí ti ìṣáájú, a sì máa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èkejì. Kìnnìún kò rí Livingstone pa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1862 ibà pa Mary ìyàwó rẹ̀ ní Shupanga, létí odò Zambezi. Nígbà náà kò tíì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwa mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023 ibà pa ènìyàn bí 597,000, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Agbègbè Kruger pàápàá wà nínú ibi tí ibà gbé wà. Ta ni nínú wa tí kìnnìún pa ẹbí rẹ̀ rí? Ta ni kò sì mọ ilé tí ibà ti pa ọmọ?

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti kọ̀wé báyìí pé òun ń bọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó kọjá ó dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà ìjọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kìnnìún mọ́, bí kò ṣe pé ó béèrè ibi tí òun lè gbé ra àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó dára.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ó mú kí kìnnìún Mabotsa máa tóbi sí i lójú àwọn ará ìlú?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rù ọlọ́gbọ́n àti ẹ̀rù ọ̀lẹ?
3. Ta ni ó gba Livingstone sílẹ̀, kí sì ni ó ná an?
4. Ewu kékeré wo ni ó ń bẹ nínú ilé rẹ tí ìwọ kò tíì kà sí?