Ọ́ìlì Ń Jò Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Ìbéèrè: Corolla 2005 ni mo ń wà. Mẹ́káníìkì mi ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá tú páànù ọ́ìlì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Síbẹ̀ ó ń jò. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: "Pinpin" yẹn gan-an ni mo fura sí. Nọ́ọ̀tì kéékèèké ni wọ́n. Agbára tí wọ́n fẹ́ kò ju bíi 9 Nm lọ, ohun tí ọwọ́ kan lórí sípánà kúkúrú lè ṣe. Bí wọ́n bá fún un jù, etí páànù á wú yípo ihò nọ́ọ̀tì, àlàfo á sì ṣí láàárín nọ́ọ̀tì méjì. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà.

Kí wọ́n tú páànù, kí wọ́n gbé etí rẹ̀ lé pákó, kí wọ́n fi òòlù rọra lù ú títí yóò fi tẹ́jú. Kí wọ́n ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kí ojú méjèèjì sì gbẹ táútáú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ o, pàápàá ládùúgbò tí táǹkì epo pọ̀ sí bíi tiyín! Ìlà gọ́ọ̀mù tín-ín-rín kan ti tó. Èyí tó bá pọ̀ jù á ya sínú, ó sì lè dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì. Kí páànù wọlé láàárín ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n sì máa fún nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó kéré tán, wákàtí 2 kí ẹ tó da ọ́ìlì sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ nu ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wo òkè. Ọ́ìlì tó ń jò lókè máa ń ṣàn wá síbẹ̀, páànù á wá jẹ̀bi ohun tí kò ṣe.