Ẹ̀kọ́ Lórí Ìtọ́jú Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Nínú Àpótí Dígí

Nígbà tí òjò bá rọ̀ púpọ̀, tí odò sì kún wọ inú koríko etí rẹ̀, ẹja àrọ̀ a máa jáde wá sí ibi tí omi kò jìn, a sì yé ẹyin rẹ̀ sí ara ewéko ní òru. Kì í dúró tọ́ ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ẹyin náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń dàgbà. Ohun tí odò ń fi ọ̀pọ̀ ṣe, ẹni tí ó gba ìwọ̀nba ọmọ ẹja sínú àpótí dígí ní ilé rẹ̀ ní láti fi ìtọ́jú ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ebi nìkan ni ọ̀tá ọmọ ẹja. Bí ẹni tí ń lọ sí oko bá da oúnjẹ odindi ọjọ́ kan sínú omi ní òwúrọ̀, ó lè bá omi náà ní fífunfun, tí ó ń rùn, kí àwọn ọmọ ẹja sì ti kú nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé. Ebi kọ́ ni ó pa wọ́n, àjẹkù ni.

I. Ti omi àti afẹ́fẹ́

Omi ẹ̀rọ tí a fi kílóríìnì sí kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí ní ọjọ́ tí a pọn ọ́n. Kí a dà á sínú báfù ẹlẹ́nu gbòòrò fún odindi ọjọ́ kan, kí oògùn náà lè fẹ́ lọ. Kí a fi àwọ̀n bo báfù náà, kí ẹ̀fọn má ba à yé sí i, kí ìtọ́jú ẹja má sì di ohun tí ń mú ibà wọ inú ilé.

Ooru omi tí ó yẹ wọ́n jẹ́ láti ìwọ̀n 26 dé 30 ti Celsius. Nígbà ọyẹ́, omi a máa tutù ní òru; nítorí náà, kí àpótí jìnnà sí ojú fèrèsé. Kí oòrùn má sì ta sí i tààrà, nítorí pé ọmọ ẹja àrọ̀ fẹ́ràn òkùnkùn.

Ẹja àrọ̀ tí ó dàgbà lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí kì í fi í tètè kú lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ inú omi nìkan ni ó ń mí. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí omi má baà máa gbá wọn kiri.

II. Ti oúnjẹ

Nígbà tí ọmọ ẹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, kì í gùn ju mìlímítà 7 lọ. Ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá nínú àpò kékeré kan ní abẹ́ ikùn, kò sì fẹ́ òmíràn fún bí ọjọ́ 3. Nígbà tí àpò náà bá ń tán lọ, tí àwọn ọmọ sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, àkókò oúnjẹ dé, kò sì yẹ kí a fi falẹ̀.

Ohun alààyè ni ó dára jù fún wọn. Èyí tí a mọ̀ jùlọ ni Artemia, kòkòrò inú omi iyọ̀, tí a ń kó ẹyin rẹ̀ ní Adágún Iyọ̀ Ńlá ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, tí a sì ń tà ní gbígbẹ. A ó da ẹyin náà sínú omi tí a fi iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 sí lítà kan, a ó sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò pa ní bí wákàtí 24. Kí a dá afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀. Èèpo yóò léfòó, a ó sì fa àwọn ọmọ kòkòrò láti ìsàlẹ̀, a ó fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn wọ́n. Èèpo kò gbọdọ̀ bá wọn lọ, nítorí pé ó lè dí ìfun ọmọ ẹja.

Artemia kò lè pẹ́ láàyè nínú omi tí kò ní iyọ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan yóò kú, yóò sì jẹrà. Nítorí náà, kí a pín oúnjẹ sí ọ̀nà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ti òru. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ti yó, kí ó wo ikùn wọn: yóò yọ, yóò sì pọ́n bí ọsàn. Kí ó dáwọ́ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 10, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ẹja tí a lọ̀ kúnná dáradára kún un, títí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

III. Ti ìmọ́tótó

Lójoojúmọ́, kí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìgbẹ́ àti àjẹkù kúrò nísàlẹ̀ àpótí, kí a sì fi omi tí ó ti sùn rọ́pò èyí tí a fà. Ìdọ̀tí tí ó bá jẹrà ń di amóníà, tí í ṣe májèlé fún ẹja, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ inú omi. Bí àwọn ọmọ kékeré bá kóra jọ sí òkè omi, tí wọ́n ń já ẹnu, kí a má ṣe fún wọn ní oúnjẹ. Omi ni kí a kọ́kọ́ wò.

IV. Ti yíyà wọ́n sọ́tọ̀

Àwọn kan yóò yára dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn wọ̀nyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìrù àwọn kékeré jẹ, tí wọn yóò sì máa gbé wọn mì lódindi nígbà tí ẹnu wọn bá gbà á. Láti bí ọ̀sẹ̀ kejì, kí a máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì kó àwọn ńlá sí àpótí mìíràn. Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Kì í ṣe ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ jù ni ọmọ ẹja rẹ̀ ń dàgbà, bí kò ṣe ẹni tí omi rẹ̀ mọ́, tí ó ń fún wọn jẹ ní ìwọ̀n, tí ó sì ń wo ojú omi kí ó tó na ọwọ́ sí oúnjẹ.