Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Sanwó Jẹ́sì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Elegbeka tí ẹ ń ra jẹ́sì àti káàdì tí àwọn agbábásíkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilẹ̀ wa buwọ́ lù, iṣẹ́ rere lẹ ń ṣe. Bí a kò bá tọ́jú nǹkan àwọn tí ayé kò pariwo orúkọ wọn, ta ni yóò bá wa tọ́jú rẹ̀? Àmọ́ irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ gan-an ló rọrùn jù láti fi lu ènìyàn ní jìbìtì, nítorí àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ wo Olúmídé Oyèdèjì, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Seattle SuperSonics ní Amẹ́ríkà ló mú un ní ọdún 2000. Ó lo sáà méjì níbẹ̀, ó sì kọjá sí Orlando Magic. Ó wà nínú D'Tigers, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin àkọ́kọ́ tó ṣojú Nàìjíríà ní Olympics, ní London 2012. Ẹgbẹ́ Seattle kó lọ sí Oklahoma City ní 2008, ó sì di Thunder. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé jẹ́sì Thunder wá, tó ní Oyèdèjì ló wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má dá a lóhùn. Kò wọ̀ ọ́ rí.

Hakeem Ọlájuwọ́n tí gbogbo ayé mọ̀ pàápàá, ayédèrú tirẹ̀ lè tan ni. “Akeem” ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ títí di 1991 tó fi H kún un. “Akeem” ni wọ́n tẹ̀ sára ojúlówó káàdì ilé-iṣẹ́ Fleer ti 1986. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o: ó lè buwọ́ lu káàdì àtijọ́ lẹ́yìn náà, kó sì kọ “Hakeem”. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ D'Tigress, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, ló ń dùn mí jù. Ní Paris 2024, àwọn ló di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú básíkẹ́ẹ̀tì Olympics. Síbẹ̀ orúkọ àwọn ọkùnrin ló ṣì ń yá wa lẹ́nu. Bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yìí bá buwọ́ lu nǹkan fún yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é, ẹ kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ìwé náà pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ má fi bírò tún ìbuwọ́lùwé tó ń parẹ́ kọ láéláé.

Èyí tó kù, ẹ̀mí ló kàn. Ẹ má bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ ṣàdéhùn ìpàdé lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n nítorí jẹ́sì. Elegbeka níbí ni àwọn agbébọn ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéuṣì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà pàdé yín láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, lọ́sàn-án gangan, níbi tí èrò wà, kí ẹ sì mú ẹ̀gbọ́n tàbí òbí yín kan dání. Kí kọ́bọ̀ má kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fojú kan ọjà. Bó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbé jẹ́sì rẹ̀ lọ.