Ètò Ìkéde Nínú Ẹgbẹ́

Kíkà: Hábákúkù 2:2

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò gbọ́ ni kí a wò kí a tó kéde.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta mọ èyí. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ tako owó orí obìnrin, Yorùbá ni wọ́n fi bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan.

Lọ́dọ̀ wa, arábìnrin tí ń jí lọ Èkó láti Mowé tàbí Ìbàfò kì í sí nílé lọ́sàn-án. Ìyá tí ń tajà ní Ìfọ̀ lè má mọ̀wé kà. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru bá kọjá kí wọ́n tó gbọ́, owó ẹgbẹ́ ṣòfò, àìsàn sì wà lára wọn síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa:
1. Ta ni a ń bá sọ̀rọ̀?
2. Kí ni a fẹ́ kí ó ṣe?
3. Ọ̀nà wo ni yóò fi gbọ́, nígbà wo?
4. Ta ni yóò jíṣẹ́, ta ni yóò mú èsì wá?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ètò kan, kí a kà á ní ìpàdé tí ń bọ̀.