Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà Òkìtìpupa

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì tí kò wọlé, ẹkún la máa ń sun bí ẹni pé wọ́n ti di gbogbo ọ̀nà pa. Yunifásítì tí wọ́n fi sọrí olóògbé Olusegun Agagu, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, ní Òkìtìpupa dára, n kò bá a jà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí i wọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ: iṣẹ́ ọwọ́ náà jẹ́ ọ̀nà.

A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́; ohun tó dé bá wa gan-an nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná Omotosho tí wọ́n ṣí ní 2007, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 335, inú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ló wà. Síbẹ̀, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú wa fi wà lókùnkùn. Ta ló jẹun nínú òkùnkùn yẹn? Ẹni tó mọ jẹnẹrétọ̀ í tún ṣe ni. Nígbà tí ìjọba sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, àwọn tó gbọ́n nínú wọn sún sídìí sólà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. N kò rò pé ẹni tó mọ sólà í fà dáadáa ń jowú ẹni tó ń gbà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró nídìí sólà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ayédèrú pọ̀ sí. Ìyá tó ń ta ẹja dídì ní òun fẹ́ kí fíríísà òun ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á gbé bátìrì kan àti páńẹ́ẹ̀lì méjì fún un, á gbowó, ó di gbére. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ ṣírò wáàtì gbogbo ohun tó ń fa iná níbẹ̀, á bèèrè wákàtí tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́, á fi àyè sílẹ̀ fún iná tí fíríísà ń fà nígbà tó bá ń gbéra, á sì kọ ojú páńẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, níbi tí òjìji ọ̀pẹ kò ti ní bò ó. Ìṣirò ni, kì í ṣe agbára.

Iṣẹ́ wẹ́dà náà ń bẹ. Láti nǹkan bí oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún tí ẹyìn máa ń pọ̀, ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, kì í sinmi. Bí dìgẹ́sítà tó ń gún ẹyìn bá kọṣẹ́ lásìkò yẹn, ẹyìn ń bàjẹ́ nílẹ̀, ẹlẹ́bu kì í sì í rójú bá wẹ́dà tó fẹ́ tún un ṣe dúnàádúrà.

Ẹ̀yin òbí, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kó parí àdéhùn, kó gba fíríìdọ̀mù, kó tún ṣe Trade Test ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, láti Grade 3 dé Grade 1; kọngílá tí kò mọ ọ̀gá ọmọ náà rí lè gba ìwé yẹn gbọ́. Kí ẹ tó sanwó ọ̀gá rárá, ẹ lọ sí ilé méjì tí ọ̀gá náà fa sólà sí ní èèṣí. Ẹ bi wọ́n bóyá bátìrì ṣì ń gbé iná mọ́jú. Bí onílé bá ní òun ti padà sídìí jẹnẹrétọ̀, ẹ kó owó yín padà sápò.